Ilẹ̀kùn Ófùn Tó Ti Ara Rẹ̀ Tí Kò Ṣí Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Ará Èkìtì

Ófùn oníná mànàmáná àti kúkà onígáàsì tó ní aago àti bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀ lójú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ààrò búrẹ́dì oníbíríkì kò sí níbẹ̀. Kí ẹ tó wá súkúdíráfà, ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè kejì dé ìkẹrin, nítorí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ni kò ní àìsàn kankan. Inú rẹ̀ ni kò tíì tutù, tàbí kó jẹ́ pé iná tó tó o kò tíì dé.

Kí ló dé tí ófùn fi ń ti ara rẹ̀?

Self-clean, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ófùn fi ooru fọ ara rẹ̀, ló fà á. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, inú ófùn á gbóná dé nǹkan bí 430 sí 480°C, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 2 sí 4, títí ọ̀rá àti ṣúgà tó ta sí i lára á fi di eérú. Ìwọ̀n 180°C ni kéèkì fi ń jinná. Bí èèyàn bá ṣílẹ̀kùn nígbà tí ooru ófùn wà ní góńgó, atẹ́gùn á ya wọlé, ọ̀rá tó ń jó á gbiná, iná náà á sì bù síta sí ẹni tó ṣí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki ìkọ́ irin sí òkè ilẹ̀kùn, tí mọ́tò kékeré kan sì ń tì í wọlé, tó tún ń fà á kúrò.

Mọ́tò kékeré yìí ló ni gbogbo wàhálà. Iná ló fi ń ti ilẹ̀kùn, iná náà ló sì gbọ́dọ̀ fi ṣí i. Bí iná bá lọ, kò sí sípíríǹgì kankan tó máa dá ìkọ́ padà sí àyè rẹ̀. Súwíìṣì kékeré kan tàbí méjì wà lára mọ́tò náà, iṣẹ́ tiwọn ni láti jẹ́ kí bọ́ọ̀dù mọ̀ bóyá ìkọ́ ti wọlé tàbí ó ti jáde. Sẹ́ńsọ̀ tó dà bí pẹ́ńsù tẹ́ẹ́rẹ́, tó yọrí láti ẹ̀yìn inú ófùn, ló ń sọ bí inú ṣe gbóná tó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá purọ́, bọ́ọ̀dù kò ní dá ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Self-clean ti parí, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìgbà wo ni mo lè sọ pé ó ti há?

Ẹ fún un ní wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ófùn, ìkọ́ kò ní kúrò àfi bí inú bá ti wálẹ̀ dáadáa sí ìsàlẹ̀ 300°C. Ófùn tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lẹ́yìn lè dé ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tí káfíńtà kì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò atẹ́gùn lè pẹ́ tó 90 ìṣẹ́jú, pàápàá ní oṣù kẹta tí oòrùn mú.

Ẹ tẹ́tí sí i. Bí fáànù bá ṣì ń kùn nínú rẹ̀, kò tíì tutù. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jókòó. Ẹ má fi àkísà tútù nu ojú gíláàsì kó lè tètè tutù, ẹ má sì wọ́n omi sí i, nítorí gíláàsì tó gbóná bẹ́ẹ̀ tí omi bá kàn án á fọ́ yángá-yángá.

BEDC mú iná lọ nígbà tí self-clean ń lọ lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù láàárín wa, bóyá Adó ni o, Ìkéré ni o, Ìkọ̀lé ni o. Iná lọ, ìkọ́ dúró síbi tó wà. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí bí ófùn tilẹ̀ tutù bí omi àmù.

Ẹ kọ́kọ́ pa bíréékà ófùn náà, nítorí bí iná bá padà dé, ó sábà máa ń kọ́kọ́ fò sókè, bọ́ọ̀dù ló sì ń jìyà ìfòsókè yẹn. Ẹ jẹ́ kí iná fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé bíréékà sókè. Àwọn ófùn kan á yẹ ooru inú wọn wò fúnra wọn, wọ́n á sì fa ìkọ́ kúrò láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn mìíràn á kàn máa ṣẹ́jú aago 12:00 láìṣe ohunkóhun. Ẹ yí aago àwọn yẹn sí àkókò tó tọ́, ẹ tẹ Cancel, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ fún ìró mọ́tò tó ń yí.

Bí iná kò bá dé títí ilẹ̀ fi ṣú, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè ṣe é. Ooru ló ń jẹ iná nínú ófùn, mọ́tò ìkọ́ kì í jẹ ju wáàtì díẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour tó o, bí ẹ kò bá ṣáà tan ooru rárá. Ẹ jẹ́ kí stabilizer wà láàárín, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ìta gbangba, kó jìnnà sí fèrèsé. Tí ó bá jẹ́ ínfátà, èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ pure sine wave (iná tó ń lọ geere bíi ti BEDC) ni kí ẹ lò. Iná ínfátà olówó pọ́ọ́kú máa ń da bọ́ọ̀dù rú, mọ́tò náà á sì máa gbọ̀n dípò kó yí. Ófùn tí wọ́n so wáyà rẹ̀ tààrà mọ́ bíréékà, tí kò ní púlọ́ọ̀gì, ẹ má ṣe fi wáyà olórí méjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fún un ní iná. Ẹ pe oníná kó gba ojú ṣéńjọ́fà.

Ẹ tún rántí mítà tí à ń ra káàdì sí. Self-clean kan lè jẹ tó unit 3 sí 6. Bí káàdì bá tán ní àárín rẹ̀, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú kí BEDC mú iná lọ.

Iná wà, aago ń tàn, síbẹ̀ mọ́tò kàn ń kùn ni.

Iná kò tó o. Bọ́ọ̀dù àti aago lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná tó ti wálẹ̀ dé 160V, ojú ófùn á sì máa tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 230V kò ní lágbára láti fa ìkọ́ ní irú ìwọ̀n yẹn, pàápàá bí eérú ọ̀rá bá ti dì mọ́ ọn. Ẹ fi mítà tí oníná fi ń wọn iná (multimeter) wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá kéré sí 200V, ẹ má fìyà jẹ ófùn. Ẹ fi stabilizer tó lè gbé e sókè sí i, tàbí kí ẹ dúró di ọ̀gànjọ́ tí àdúgbò ti sùn, tí àwọn ẹ̀rọ ìlọta àti ti oníwẹ́dà ti dákẹ́.

Bí iná bá pé 220V sókè tí mọ́tò sì ń kùn láìyí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ kó padé dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Cancel. Róbà etí ilẹ̀kùn lè máa ti ilẹ̀kùn síta lẹ́yìn ooru ńlá, ìkọ́ á wá fún pinpin. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹ ti tú ìkọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ohun kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ owó oníṣẹ́.

Ṣé kì í ṣe pé ọmọ ló tẹ nǹkan?

Ó ṣeé ṣe. Bí ẹ bá rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí "Loc" lójú rẹ̀, tí ẹ kò sì lo self-clean rárá, ẹ di bọ́tìnnì Lock tàbí Control Lock mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5. Nínú ọ̀pọ̀ ófùn, bọ́tìnnì ojú nìkan ni ìyẹn ń tì, ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí. Àwọn kan wà tó ń ti méjèèjì.

Mo ti dúró, iná pé, kò ṣì ṣí. Kí ló kàn?

Ẹ pa bíréékà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ìṣẹ́jú kan kò tó, nítorí iná díẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́kù nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ tan án, ẹ yí aago sí àkókò tó tọ́, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú méjì láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Bí kò bá gbọ́, tí ófùn sì ti tutù pátápátá, ẹ tan self-clean padà, ẹ jẹ́ kí mọ́tò yí fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sì tẹ Cancel kíá kí ooru tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ fẹ́ kí mọ́tò yí po lẹ́ẹ̀kan, kó lè bá súwíìṣì rẹ̀ pàdé, kó mọ ibi tó wà. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò wúlò mọ́.

Ojú ófùn ń kọ F àti nọ́ńbà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ má fi ti ọ̀kan ka òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ Frigidaire, F90 ń tọ́ka sí mọ́tò ìkọ́, F30 àti F31 sì ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀. Ẹ yọ dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ kúkà tó ń dá dúró, tàbí ẹ wo ẹ̀yìn páánù ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi ìwé kékeré kan pamọ́ síbẹ̀ nínú ọ̀rá, gbogbo nọ́ńbà yẹn àti ìtumọ̀ wọn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ mú ìwé yẹn lọ.

Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni tèmi. Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gidi gan-an, ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ kì í sì í sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wáyà mẹ́rin ló ń wọ ófùn oníná: méjì tó ní iná, niútírà kan, àti ẹ́ẹ̀tì. Láàárín wáyà méjì tó ní iná, 240V ni, ìyẹn ni irin ooru ń lò. Láàárín ọ̀kan nínú wọn àti niútírà, 120V ni, ìyẹn sì ni gílóòbù inú ófùn àti mọ́tò ìkọ́ sábà máa ń lò. Tiwa níhìn-ín jẹ́ wáyà kan tó ní 230V pẹ̀lú niútírà. Bí oníná bá kàn so ó bó ṣe rí, 230V á wọ inú ohun tí wọ́n ṣe fún 120V. Gílóòbù á kọ́kọ́ tàn yòò, á sì kú. Mọ́tò ìkọ́ á gbóná, á jó lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lo self-clean, ilẹ̀kùn á sì há pẹ̀lú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni tíráńsífọ́mà tó ń pín iná wa sí 120V méjì pẹ̀lú niútírà láàárín wọn, kí oníná tó mọ ọ̀rọ̀ náà so ó. Kúkà onígáàsì láti Amẹ́ríkà rọrùn ju ìyẹn lọ: gáàsì ló fi ń se oúnjẹ, 120V tó sì nílò kéré, tíráńsífọ́mà kékeré tó o.

Bí fóòtì bá ti tọ́ tán, ọ̀rọ̀ hertz (Hz), ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣì kù, tíráńsífọ́mà kò sì lè tún un ṣe. 60Hz ni ti Amẹ́ríkà, 50Hz ni tiwa. Mọ́tò ìkọ́ tó ń tẹ̀ lé hertz á máa yí díẹ̀díẹ̀: ohun tó yẹ kó ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, 12 ni yóò gbà. Bọ́ọ̀dù tó ń ka àkókò mọ́ ọn lọ́wọ́ lè rò pé ó ti há, á sì gbé F síta. Ẹ wo aago rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín wà nínú irú èyí. Bó bá ń fi ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, hertz ló ń kà. Self-clean wákàtí 3 á di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36 nínú irú rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má lo self-clean tòkunbọ̀ yẹn láéláé. Ẹ fi yan nǹkan, ó tó.

Ṣé n kò lè fi agbára fà á ṣí?

Ẹ má dán an wò. Kì í ṣe odó iyán, agbára kọ́ ni. Irin ni ìkọ́ náà, gíláàsì ni ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ tàbí irin yọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, etí gíláàsì ló máa gba ìyà, gíláàsì ófùn tó sì gba ìyà létí kì í là sí méjì, ńṣe ló ń tú ká bí iyọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ìdè ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó máa tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn kò ní padé dáadáa mọ́, kéèkì á sì máa jinná ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Báwo ni mo ṣe lè fọwọ́ tú ìkọ́ náà?

Ófùn gbọ́dọ̀ tutù, bíréékà gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kì í ṣe bọ́tìnnì ojú rẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ onígáàsì, ẹ ti sílíńdà pa, kí ẹ tú họ́ọ̀sì kí ẹ tó sún un.

Wáyà hángà aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ na ọ̀kan, ẹ tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ ti wáyà náà wọ inú àlàfo tó wà láàárín òkè ilẹ̀kùn àti ojú ófùn, kí ẹ wá ìkọ́ náà kiri. Ó sábà máa ń wà ní àárín, nígbà mìíràn ní apá òsì. Ẹ tì í sí òsì, bí kò bá lọ, ẹ tì í sí ọ̀tún, kí ẹnì kejì máa ti ilẹ̀kùn wọlé díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ má baà ya róbà etí ilẹ̀kùn.

Èkejì ni láti gba ẹ̀yìn, fún kúkà tó ń dá dúró. Ẹ sún un kúrò lára ògiri, ẹ tú páánù ẹ̀yìn. Ní òkè níbẹ̀, ẹ ó rí mọ́tò kékeré tó tó ìkúùkù ọmọdé, pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn tó ń lọ síwájú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ tú súkúrù méjì tó dì í mú, kí ẹ sì ti ọ̀pá náà tàbí kí ẹ fà á, ìkọ́ á kúrò níwájú. Nínú àwọn mìíràn, abẹ́ páánù òkè tí à ń gbé ìkòkò lé ni mọ́tò wà, níwájú, lókè ilẹ̀kùn gan-an. Ìyẹn ń fẹ́ kí ẹ gbé páánù òkè sókè.

Ófùn inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó le jù, nítorí súkúrù tó dì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà tí kò ṣí. Wáyà hángà ni ìrètí tó wà. Bí ìyẹn bá kùnà, káfíńtà ló máa tú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe oníná.

Bó bá ti ṣí, ẹ má so wáyà súwíìṣì pọ̀ láti tan bọ́ọ̀dù jẹ. Àwọn oníṣẹ́ kan ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tẹ self-clean, 480°C á wà níwájú rẹ̀ láìsí ìkọ́.

Ilẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń sọ pé ó tì, kò sì gbóná.

Súwíìṣì tàbí sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Ẹ fi mítà wò wọ́n lẹ́yìn tí bíréékà ti wà ní pípa. Súwíìṣì tó dára máa ń ka bí òdo bó bá padé, kì í sì í ka nǹkan kan bó bá ṣí. Bó bá ń ka ọ̀kan náà nígbà méjèèjì, ó ti lọ. Bí ọ̀rá dúdú bá ti bò ó, ẹ fi spirit àti búrọ́ọ̀ṣì eyín nù ún. Ẹ má ta òróró sí ìkọ́ tàbí sí mọ́tò: ooru á sun òróró náà di gọ́ọ̀mù, ilẹ̀kùn á sì há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti sẹ́ńsọ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ fi mítà wọn ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. Irú tó wọ́pọ̀ nínú ófùn Amẹ́ríkà máa ń ka nǹkan bí 1,100 ohm bí inú yàrá bá wà láàárín 25 sí 30°C. Bí ófùn bá gbóná dé 480°C, á ka nǹkan bí 2,700. Ẹ wá wo irọ́ tó ń pa: bí wáyà rẹ̀ bá ti ń já, ohm á lọ sókè, bọ́ọ̀dù á sì rò pé iná ń jó nínú ófùn tó tutù. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní fa ìkọ́ kúrò bí ẹ tilẹ̀ dúró di ọ̀la. Àwọn ófùn kan láti Yúróòpù ń ka bí ìdajì èyí, àbùkù kọ́ nìyẹn.

Ófùn kú pátápátá láàárín self-clean, ó sì tì. Iná ilé wà.

Ohun ààbò tó ń gé iná bí ooru bá pọ̀ jù ló ti gé. Kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò atẹ́gùn, tàbí fáànù tó ti kú, ló sábà ń fà á. Àwọn kan ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn tí à ń tẹ̀ bó bá tutù, àwọn mìíràn ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ wá ohun tó fa ooru náà kí ẹ tó tẹ ẹ́.

Mò ń yan kéèkì fún ìnáwó. Ìgbà wo ló dára jù láti lo self-clean?

Lẹ́yìn ìnáwó, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tó le fún ófùn tó self-clean. Ohun tó bá ti rẹ̀ nínú rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló máa kú. Ẹni tó ní kéèkì ìgbéyàwó láti gbé sílẹ̀ ní Sátidé kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ tún ṣírò iná àdúgbò yín. Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, Band E ni wákàtí 4. Self-clean wákàtí 3 àti ìtútù wákàtí kan àti ààbọ̀ ti ju iná ọjọ́ kan Band E lọ. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, a kò rí ìdí tí èèyàn fi máa tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ẹ po ṣíbí baking soda mẹ́jọ pọ̀ mọ́ omi díẹ̀ títí á fi ki bí ẹ̀kọ, ẹ fi pa inú ófùn tó tutù, kó má kan irin ooru àti róbà etí ilẹ̀kùn. Ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀, kí ẹ fi kànrìnkàn rírọ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lò ó, kó yọ gbogbo irin tí à ń gbé abọ́ lé nínú rẹ̀ àti fọ́ìlì síta, kó kọ́kọ́ nu ọ̀rá tó dì, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ọmọdé sì jìnnà, nítorí ojú gíláàsì náà á gbóná.

Mo fẹ́ ra mọ́tò ìkọ́ tuntun. Kí ni kí n mú dání?

Nọ́ńbà model ófùn. Ara férémù lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n sábà ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ̀yin tí tiyín ṣì há, ẹ wò ó nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn. Ẹ mú ògbólógbòó mọ́tò náà dání pẹ̀lú àwòrán bí wáyà rẹ̀ ṣe wà. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára tuntun kí ẹ tó sanwó: 120V tàbí 230V, 50Hz tàbí 60Hz. Ẹ ka iye súwíìṣì ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá rẹ̀ wé ti àtijọ́, nítorí méjì lè jọra lójú kí ọ̀kan máa yí sí òsì kí èkejì máa yí sí ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ irú ohun èlò yìí ń ti Èkó wá, ẹni tó bá rán awakọ̀ Adó sí Aláàbà láìfi nọ́ńbà model ránṣẹ́ máa tún un rán lẹ́ẹ̀kejì.